Georg Simon Ohm: Olùkọ́ tí Ó Wọn Ìdènà Iná Mọ̀nàmọ́ná

Ọjọ́ 16, oṣù Kẹta, ọdún 1789 ni a bí Georg Simon Ohm sí ìlú Erlangen ní ilẹ̀ Jámánì, nínú ìdílé Kristẹni. Alágbẹ̀dẹ tí ń rọ àgádágodo ni baba rẹ̀. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìmọ̀ ìṣirò, ó sì fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Georg jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó wọ yunifásítì ní 1805, ṣùgbọ́n ijó àti eré gbà á lọ́kàn ju ìwé lọ. Inú bí baba rẹ̀. Ọmọ náà sì kúrò níbẹ̀, ó lọ ṣe olùkọ́ ní Switzerland. Nígbà tí ó padà, ó tẹpá mọ́ ẹ̀kọ́, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1811.

Ní 1817, ó di olùkọ́ ìṣirò àti físíìsì ní ilé-ìwé gíramà àwọn Jesuit ní ìlú Cologne. Yàrá àyẹ̀wò ilé-ìwé náà ni ó ti ṣe iṣẹ́ ńlá rẹ̀. Ó so irin méjì tí kò jọ ara wọn pọ̀. Ó fi ìsopọ̀ kan sínú omi híhó, ó fi èkejì sínú omi dídì, iná sì ń ṣàn déédéé. Lẹ́yìn náà ó mú wáyà tí gígùn wọn yàtọ̀ síra, ó ń wo bí iná ti ń dínkù bí wáyà ti ń gùn sí i. Ó rí i pé ìlànà kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń tẹ̀ lé: bí a bá fi áńpíà, ìwọ̀n iná tí ń ṣàn, pín fóólítì, ìwọ̀n ipá tí ń tì í, ìdènà wáyà ni a óò rí.

Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1827. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Jámánì kò kà á sí. Ohm fi iṣẹ́ rẹ̀ ní Cologne sílẹ̀, ó sì gbé ọdún púpọ̀ nínú àìní. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ní 1841, ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù fún un ní àmì ẹ̀yẹ Copley. Ní 1852 ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Munich. Ó sì kú ní ọjọ́ 6, oṣù Keje, ọdún 1854. Ní 1881, àpérò àgbáyé ní Paris fi orúkọ rẹ̀ pe òṣùwọ̀n ìdènà iná.

Ìṣirò rẹ̀ wúlò ní Èjìgbò wa níhìn-ín. Bí áyọ́ọ̀nù bá ń fa áńpíà 5 lórí fóólítì 230, ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 46. Bí a bá sọ 230 di ìlọ́po 5, agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1,150. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí iná bá wá ní ìdajì, tí fóólítì já sí 115, áńpíà 2.5 péré ni yóò ṣàn, agbára náà yóò sì di wáàtì 287.5. Ìdajì fóólítì, ìdámẹ́rin agbára: ìdí nìyẹn tí aṣọ kì í fi í nà.

Ìlànà kan náà ń kìlọ̀ fún wa. Bí a bá sọ iná tí ń gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ó so fíríìjì, áyọ́ọ̀nù àti sítóòfù mọ́ wáyà kan ṣoṣo ń fi ilé àti ọmọ wewu.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, olùkọ́ ilé-ìwé gíramà ni ẹni tí ó fún aráyé ní ìmọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún àwọn olùkọ́ wa, kí a sì pèsè yàrá àyẹ̀wò fún wọn.