Bruce Lee: Ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò fi hàn nípa ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ méjèèjì mú igi jà

Bí ẹ bá wọ Festac Town ní ọjọ́ Sátidé, tí ẹ gba ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò rẹ̀ kọjá, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń fi igi bá ara wọn jà. Ọ̀pá ìgbálẹ̀ ló máa ń wà lọ́wọ́ àwọn kan, igi tí wọ́n ṣẹ́ lára dogoyárò ló máa ń wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Èyí tó bá fẹ́ kí ẹ̀rù òun ba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í mú ẹyọ kan. Méjì ló máa ń mú, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì. Bí ìyá rẹ̀ bá bi í pé níbo ló ti kọ́ irú ìjà bẹ́ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ni yóò nawọ́ sí.

Kì í ṣe òní ni irú eré yìí bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Amuwo-Odofin. Nítorí àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú, èyí tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, ni ìjọba àpapọ̀ ṣe kọ́ Festac Town, kí àwọn àlejò lè rí ibi wọ̀ sí. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, àwọn ará ìlú ló kó wọ inú àwọn ilé náà. Láàárín ọdún díẹ̀ sí ìgbà náà, ẹ̀rọ fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó. Bí ẹnì kan bá ti ní i ní àdúgbò, pálọ̀ rẹ̀ ti di ilé sinimá fún ọmọ gbogbo ilé nìyẹn. Fíìmù tí wọ́n ń pè ní fíìmù Ṣáínà wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ, orúkọ tó sì wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà ni Bruce Lee. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà ti kú kí àlejò àkọ́kọ́ tó sùn ní Festac Town. Ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 1973 ló jáde láyé, ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n péré sì ni.

Nínú àwọn tó ń wò ó nígbà náà, a rí àwọn tó gbà pé oògùn ló wà lára rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ ayàwòrán ló ń tan àwọn jẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀lé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, a ó rí i pé kì í ṣe oògùn, òógùn ojú rẹ̀ ni. Ìjà tí tẹlifíṣọ̀n fi hàn wá kì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ohun tí kò fi hàn ni ọ̀pọ̀ ọdún ìdánrawò tó wà lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan náà, àti ohun tó ná ẹni tó jà á.

Ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1940. Òṣèré orí ìtàgé ni bàbá rẹ̀, Lee Hoi-chuen. Ó ń bá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ kiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn alárìnjó ilẹ̀ wa ṣe máa ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Grace Ho ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, obìnrin náà sì ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó díẹ̀ lára. Lee Jun-fan ni orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Kò tíì mọ̀ ọ́n rìn tí wọ́n fi gbé e hàn nínú sinimá. Lọ́dún 1941 ni wọ́n gbé e padà sí Hong Kong. Oṣù kejìlá ọdún náà ni ogun Japan kó wọ ìlú ọ̀hún, ọdún 1945 ni wọ́n sì tó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ọmọ náà tẹ̀lé bàbá rẹ̀ nídìí eré ṣíṣe. Nígbà tó fi máa di ẹni ọdún méjìdínlógún, ó ti kópa nínú nǹkan bí ogún sinimá.

Ṣùgbọ́n alágídí ọmọ ni. Ìjà ìgboro kì í tán lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀dọ́mọkùnrin ló lọ sọ́dọ̀ àgbà olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Ip Man, ẹni tó kọ́ ọ ní ẹ̀ka kung fu tí wọ́n ń pè ní Wing Chun. Ó ń kọ́ ijó pẹ̀lú, lọ́dún 1958 ló sì gba ipò kìíní nínú ìdíje ijó cha-cha ní Hong Kong. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yá tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé ijó yẹn. Nígbà tí ìjà ìgboro fẹ́ di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, àwọn òbí rẹ̀ ní kó máa lọ sí Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n ti bí i. Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ lọ lọ́dún 1959, ọgọ́rùn-ún dọ́là ló sì wà lápò rẹ̀.

Ní ìlú Seattle, ilé oúnjẹ Ruby Chow ló ti ń gbé abọ́ fún àwọn oníbàárà, ibẹ̀ náà ló sì ń sùn. Ó ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ó sì wọ Yunifásítì Washington lọ́dún 1961. Kung fu ló fi ń wá owó kún owó. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ àgbà olùkọ́ ọmọ Ṣáínà ni kì í fẹ́ fi ìmọ̀ yìí han ẹni tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn. Bruce Lee kò wo ti àwọ̀. Jesse Glover, ẹni tó kọ́kọ́ di ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ènìyàn dúdú ni. Ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ mìíràn, Linda Emery, òyìnbó ni, òun ló sì fẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 1964, nígbà tí òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣì ń ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀.

Ọdún 1964 yìí kan náà ló lọ fi ara rẹ̀ hàn níbi ìdíje karate ńlá kan ní Long Beach, ní ìpínlẹ̀ California. Ibẹ̀ ló ti pàdé Dan Inosanto, ọmọ Amẹ́ríkà tí ìran rẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Philippines wá. Inosanto di ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì di igbákejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Ọwọ́ ọkùnrin yìí ni ọ̀rọ̀ igi méjì ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Àwọn ará Philippines ní ìjà ìbílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní kali tàbí eskrima. Nínú rẹ̀, jagunjagun á mú igi méjì tó gùn tó apá, ọ̀kan lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀tún bá ń lu, òsì á máa dáàbò bo ara. Kí ọ̀tá tó mọ̀, òsì ti di èyí tó ń lu, ọ̀tún ti di èyí tó ń dáàbò boni. Sinawali ni orúkọ ìdánrawò rẹ̀, ọ̀rọ̀ híhun ni wọ́n sì ti fa orúkọ náà yọ, nítorí pé àwọn igi náà máa ń gba ara wọn kọjá bí ewé ẹní ṣe ń gba ara wọn kọjá lọ́wọ́ ẹni tó ń hun ún.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa jù. Lóòótọ́, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń jẹun, òun la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ẹni tó bá sì na ọwọ́ òsì sí àgbà yóò gba ìbáwí. Ṣùgbọ́n ẹ wo onígángan. Ọ̀tún ló mú kọ̀ǹgọ́, àmọ́ òsì ló ń fún ọṣán, bí òsì kò bá sì mọ iṣẹ́, ìlù náà kò ní sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ọmọ tó ń kọ́ igi méjì ní láti lo ọjọ́ púpọ̀ lórí ọwọ́ òsì tó ti ń ya ọ̀lẹ láti kékeré, díẹ̀díẹ̀, láìyára, títí tí yóò fi mọ ohun tí ọ̀tún mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti olùkọ́ àti ọmọ ẹ̀kọ́. Inosanto ló kọ́kọ́ fi nunchaku, ìyẹn igi kúkurú méjì tí wọ́n fi ṣéènì so pọ̀, han Bruce Lee. Ọ̀gá kò sọ pé òun ti ju ẹni tí ọmọ ẹ̀kọ́ ń kọ́ lọ. Ó gbà á, ó sì fi ṣe ìdánrawò títí tó fi di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́.

Tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1966 sí 1967, ó ṣe Kato nínú eré The Green Hornet, tó jẹ́ apá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Awakọ̀ àti ẹ̀ṣọ́ ọ̀gá kan ló ṣe níbẹ̀, ọ̀gá yẹn ni wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe eré. Àmọ́ ní Hong Kong, eré Kato ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Lọ́dún 1970, ó gbé irin wúwo nígbà ìdánrawò, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fara pa. Ọ̀pọ̀ oṣù ló fi wà lórí ibùsùn, àwọn dókítà sì sọ pé ó ṣeé ṣe kó má lè fi ẹsẹ̀ ta ìpá mọ́. Orí ibùsùn yẹn ló ti ń kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tó dìde, ó ń wá ipò olú òṣèré lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, kò rí i. Eré Kung Fu tó jáde lọ́dún 1972, tí ìtàn rẹ̀ dá lórí ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ṣáínà, David Carradine tó jẹ́ òyìnbó ni wọ́n fún ní ipò náà.

Ló bá padà sí Hong Kong. Lọ́dún 1971, The Big Boss jáde, èrò sì wọ́ tìrìrì lọ wò ó. Fist of Fury tẹ̀lé e lọ́dún 1972, ọdún náà sì ni Way of the Dragon, tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tó sì darí. Nínú rẹ̀ ló ti fi nunchaku méjì jà, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973, wọ́n ya Enter the Dragon. Ẹni tó bá wò ó kò lè gbàgbé ìjà abẹ́ ilẹ̀ yẹn: ọ̀pá gígùn ló kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà igi kúkurú méjì, lẹ́yìn náà nunchaku. Ohun tí ọmọdé kò mọ̀ ni pé àwọn tó ń lù mọ ibi tí igi yóò bà kí ó tó gbéra. Wọ́n ti ka gbogbo ìṣísẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, bí onílù àti oníjó ṣe ń mọ ìtumọ̀ ara wọn. Síbẹ̀ náà, ìgò tó fọ́ ya ọwọ́ Bruce Lee nígbà tí wọ́n ń ya ìjà mìíràn nínú fíìmù yìí, wọ́n sì ní láti rán an.

Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 1973, ó ṣubú lulẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn fíìmù náà. Àwọn dókítà rí i pé ọpọlọ rẹ̀ wú. Ara rẹ̀ yá. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, orí ń fọ́ ọ, ó lo oògùn ẹ̀fọ́rí kan, ó dùbúlẹ̀ ní ilé òṣèrébìnrin kan, kò sì jí mọ́. Àwọn ènìyàn sọ oríṣiríṣi: pé wọ́n fún un ní májèlé, pé àwọn ọ̀tá ló pa á. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ikú náà ní Hong Kong gbà pé ikú àgbákò ni. Seattle ni wọ́n sin ín sí. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Enter the Dragon bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ilé sinimá Amẹ́ríkà, ipò tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá dé, ẹni tó ni ín kò sí níbẹ̀. Fíìmù tí kò parí, Game of Death, jáde lọ́dún 1978. Inú rẹ̀ ni Dan Inosanto ti mú igi méjì, tó sì bá ọ̀gá rẹ̀ jà.

Ọmọ méjì ló fi sílẹ̀, Brandon àti Shannon. Brandon, ẹni ọdún mẹ́jọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, di òṣèré pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1993, nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù The Crow, wọ́n yin ìbọn eré sí i, láìmọ̀ pé ọta kan ti há sínú ẹnu ìbọn náà. Ó kú ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ohun ìjà tí wọ́n mú ṣeré ló pa á, níwájú àwọn tó mọ iṣẹ́ eré ju ọmọ wa lọ. Shannon ló wà lára àwọn tó gbé Warrior sórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 2019, eré tí wọ́n gbé ka ohun tí bàbá rẹ̀ kọ sílẹ̀ nígbà tí kò sẹ́ni tó fún un láyè.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá gbé igi méjì jáde, kò pọn dandan kí ẹ kọ́kọ́ mú pàṣán. Ẹ gba igi náà, nítorí ojú ọmọ kò ṣeé rà lọ́jà. Ẹ fún un ní ìwé àti bírò, kí ẹ sì ní kó fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ rẹ̀ kó dára bí èyí tí ọ̀tún kọ. Nígbà tó bá gbìyànjú títí tí kò rí i ṣe, ẹ wá jókòó tì í, kí ẹ sọ ìtàn Bruce Lee fún un.