Martin Delany: Òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tó wá tọrọ ilẹ̀ l'Ẹ́gbàá

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gba Ifọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta ni kò mọ̀ pé, lọ́dún 1859, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú kan ti Amẹ́ríkà wá tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Ẹ̀gbá fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Martin Delany ni orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́ 6, oṣù Karùn-ún, ọdún 1812 ni wọ́n bí i ní Charles Town, ní Virginia. Ẹrú ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, Pati, kì í ṣe ẹrú. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun gbọ́ pé àwọn ọmọ Pati ti mọ̀wé kà, ọ̀rọ̀ fẹ́ di ẹjọ́, ni obìnrin náà bá kó wọn lọ sí Pennsylvania lọ́dún 1822.

Nígbà tí Delany dàgbà, ó dá ìwé ìròyìn The Mystery sílẹ̀ ní Pittsburgh lọ́dún 1843, òun àti Frederick Douglass sì jọ ṣiṣẹ́ lórí North Star láti 1847. Lọ́dún 1850, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Harvard gbà á wọlé, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ funfun fáárígá, ni wọ́n bá ní kí òun àti àwọn aláwọ̀ dúdú méjì mìíràn máa lọ. Nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1852, ó sọ gbangba pé Amẹ́ríkà kò ní fojú ọmọ onílé wo aláwọ̀ dúdú láéláé, kí wọ́n wá ibòmíràn tẹ̀dó sí. Èyí kò dùn mọ́ Douglass àti ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú nínú.

Bó ṣe di èrò Abẹ́òkúta nìyẹn. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún 1859, òun àti Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú Aláké Okùkẹ́nù àti àwọn ìjòyè. Àwọn àlejò yóò rí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò, wọn yóò sì mú ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ wá. Àmọ́ àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kan ta kò ó, àwọn Ẹ̀gbá yíhùn padà, ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1861.

Lọ́dún 1865, Delany gba oyè Mejọ nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, nígbà tó ti aláwọ̀ funfun kan, Wade Hampton, lẹ́yìn nínú ìbò gómìnà South Carolina lọ́dún 1876, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú kà á sí ọ̀dàlẹ̀.

Ọjọ́ 24, oṣù Kìíní, ọdún 1885 ló kú ní Ohio. Blake, ìtàn àròsọ rẹ̀ tó ti ń jáde díẹ̀díẹ̀ láti 1859, kò di odidi ìwé títí di 1970. Lónìí, wọ́n ń kọ́ ọ ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà.