Théodore Flournoy: Ẹni tó fi èdè wádìí ọ̀rọ̀ àtúnwá

Kò sí ẹni tó ti ka ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè fún ọdún kan péré tí kò tíì gbọ́ orúkọ Ferdinand de Saussure. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí jẹ́ ará ìlú kan náà pẹ̀lú Saussure, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ ọ́n. Théodore Flournoy ni orúkọ rẹ̀. Ìmọ̀ ọkàn ẹ̀dá ni iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ èdè ló fi tú ọ̀rọ̀ tó ta kókó jù lọ nínú ayé rẹ̀: ǹjẹ́ ènìyàn lè rántí ayé tó ti wá rí?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Babátúndé àti Yétúndé kì í ṣe orúkọ àjèjì fún ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ èdè wa. Lóde òní ẹ̀wẹ̀, àwọn kan wà nílẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń gbowó láti fi ohun tí Faransé ń pè ní hypnose mú ènìyàn wọ inú oorun kan tí kì í ṣe oorun gidi, kí olúwarẹ̀ lè máa sọ ìtàn ayé rẹ̀ àtijọ́. Ṣé kí a gbà wọ́n gbọ́ ni, àbí kí a pè wọ́n ní òpùrọ́? Ìgbésí ayé Flournoy fi ọ̀nà kẹta hàn wá.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1854 ni wọ́n bí i ní ìlú Genève, nílẹ̀ Súìsì. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn títí ó fi gba oyè dókítà ní Strasbourg ní ọdún 1878, ṣùgbọ́n kò fi ìṣègùn ṣe iṣẹ́ ṣe. Ó kọjá sí Leipzig lọ́dọ̀ Wilhelm Wundt, ó sì padà wálé. Ní ọdún 1891, Yunifásítì Genève sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó fẹ́ kí wọ́n ka iṣẹ́ òun mọ́ ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n má kà á mọ́ fìlọ́sọ́fì, wọ́n sì gbà fún un. Onígbàgbọ́ ni Flournoy, kò sì fi ẹ̀sìn rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n ó gbà pé sáyẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ sọ pé Ọlọ́run wà tàbí pé kò sí.

Lára iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1893 lórí àwọn tí wọ́n máa ń rí àwọ̀ bí wọ́n bá gbọ́ ìró. Saussure wà lára àwọn tó dáhùn ìbéèrè fún ìwádìí náà, ó sì ṣàlàyé bí àwọn fáwẹ́lì Faransé ṣe rí lójú tirẹ̀.

Ó bá Hélène Smith pàdé

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1894, wọ́n pe Flournoy síbi tí obìnrin abókùúsọ̀rọ̀ kan ti ń ṣe ìpàdé. Élise Müller ni orúkọ obìnrin náà, ẹni tí wọ́n bí ní ọdún 1861. Hélène Smith ni Flournoy sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ kí ó lè bò ó láṣìírí. Ilé ìtajà ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fún ìpàdé wọ̀nyí.

Bí ọkàn rẹ̀ bá ti lọ, ayé mẹ́ta ló máa ń bá àwọn tó jókòó tì í sọ. Nígbà mìíràn ó jẹ́ ayaba Marie-Antoinette ilẹ̀ Faransé. Nígbà mìíràn ó jẹ́ Simandini, ìyàwó ọba kan ní Íńdíà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó ń sọ èdè àwọn tí ń gbé lórí Mars. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé ó ní Flournoy fúnra rẹ̀ ni ọba Íńdíà náà, Sivrouka, tó tún ayé wá. Oníyèméjì tó wá ṣe ìwádìí ti di ọkọ inú ìtàn!

Flournoy kò bínú, kò sì fi í rẹ́rìn-ín. Ìlànà méjì ló tẹ̀ lé: pé ohunkóhun lè ṣẹlẹ̀, àti pé bí ohun kan bá ṣe ṣàjèjì tó ni ẹ̀rí rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi jókòó ti ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀rí èdè

Ó kọ́kọ́ bi àwọn onímọ̀ ìtàn nípa Sivrouka. Wọn kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó yá, ó rí i nínú ìwé àtijọ́ kan lórí Íńdíà tí de Marlès kọ ní ọdún 1828: orúkọ ọba náà, orúkọ ilé olódi rẹ̀ Tchandraguiri, àti ọdún 1401, gẹ́lẹ́ bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́. Ìwé náà sì wà ní Genève.

Ó pe Saussure, ẹni tó mọ Sanskrit dáadáa, kí ó wá gbọ́ èdè Simandini. Saussure rí i pé àwọn ègé kan jọ Sanskrit, ṣùgbọ́n kì í ṣe èdè tí ènìyàn kan sọ rí. Ó tún kíyè sí i pé ìró f kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Sanskrit náà kò ní ìró yìí. Victor Henry, onímọ̀ Sanskrit ní Paris, dá àbá tirẹ̀ ní ọdún 1901: ó ní ó lè jẹ́ pé obìnrin náà ń sá fún f nítorí pé òun ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ Faransé.

Èdè Mars ló wá tú àṣírí jù. Flournoy kọ gbólóhùn rẹ̀ sílẹ̀, ó tò wọ́n sábẹ́ ìtumọ̀ wọn, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti Faransé mu, ọ̀kan sí ọ̀kan. Gbogbo ìró rẹ̀, Faransé ló ni wọ́n. Kódà, t tí Faransé máa ń fi sáàárín ọ̀rọ̀-ìṣe àti arọ́pò-orúkọ nínú ìbéèrè, tí kò ní ìtumọ̀ kankan, ó ní aṣojú tirẹ̀ lórí Mars! Ẹ jẹ́ kí a fi tiwa wé e. Bí ọmọ Kambolé kan bá dá èdè tuntun sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà, síbẹ̀ kí dúdú ṣì máa tẹ̀ lé ajá, kí ó sì nílò ọ̀rọ̀-ìṣe méjì láti ní kí ènìyàn mú ìwé wá. Ọ̀rọ̀ rọrùn láti pààrọ̀. Ìhun gbólóhùn kò rọrùn láti sá fún.

Ní ọdún 1898, Flournoy sọ èrò rẹ̀ fún obìnrin náà. Kò pẹ́ tí èdè mìíràn fi dé, tí wọ́n ní ó ti ayé tó jìnnà ju Mars lọ wá, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ jọ Faransé mọ́.

Kì í ṣe òpùrọ́

Ìwé Flournoy, *Des Indes à la planète Mars*, jáde ní ìparí ọdún 1899. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé obìnrin náà kò purọ́. Ohun tó ti rí tàbí tó ti gbọ́ rí ló wọ inú rẹ̀ lọ, tó gbàgbé orísun rẹ̀, tó sì jáde padà bí ohun tuntun. Cryptomnésie ló pe èyí: ìrántí tí kò mọ̀ pé ìrántí ni òun.

Èyí kò ṣòro fún àwa láti yé. Ẹni tó bá gbéra ní Kambolé, tó gba Tchamba dé Sokodé, yóò gbọ́ èdè wa, yóò gbọ́ Akaselem, yóò sì gbọ́ Tem, ká má tíì dárúkọ Faransé ilé ìwé. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń gbé kiri ọjà wọ̀nyí kò mọ iye ọ̀rọ̀ tó ti wọ̀ ọ́ létí. Bí ó bá dàgbà tó sì fi ojú oorun sọ ọ́, ta ni yóò rántí ọjà tó ti gbọ́ ọ?

Ìwé náà tà, ṣùgbọ́n ó ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Élise bínú, kò sì gbà kí Flournoy wá síbi ìpàdé rẹ̀ mọ́. Obìnrin olówó kan láti Amẹ́ríkà wá ń bọ́ ọ, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ń ya àwòrán ẹ̀sìn títí ó fi kú ní ọdún 1929.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Ní ọdún 1901, Flournoy àti Claparède dá ìwé àtìgbàdégbà *Archives de psychologie* sílẹ̀. Òun ló ṣe ààrẹ àpéjọ àgbáyé àwọn onímọ̀ ọkàn ẹ̀dá ní Genève ní ọdún 1909, ọdún kan náà tí ìyàwó rẹ̀ kú. Òun fúnra rẹ̀ papòdà ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1920. Àwọn ọmọ rẹ̀ àti ti Saussure tilẹ̀ di àna ara wọn, nítorí Raymond de Saussure ló fẹ́ Ariane Flournoy.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, Flournoy kò fi hàn pé àtúnwá kò sí, àwa náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ìdílé fi kí ọmọ káàbọ̀ kì í ṣe ẹjọ́ tí a ń gbé wá sí yàrá àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ń sọ èdè ayé àtijọ́ ti gbé ọ̀rọ̀ wá sí agbo wa. Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a wo ìró rẹ̀, kí a wo ìhun rẹ̀, kí a bi í ibi tó dàgbà sí. Kí a sì ṣe é tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí ẹni tó ṣìnà kì í ṣe ẹni tó purọ́.