Harriet Powers: Ìyá Tí Ó Fi Ègé Aṣọ Sọ Ìtàn Bíbélì

Ẹ̀yin ọmọ wa ọ̀wọ́n, nígbàkígbà tí aránṣọ bá rán aṣọ àjọ̀dún tán, àgékù aṣọ a máa wà nílẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn mìíràn kò tó àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a gbá wọn jọ, wọn a sì dà wọ́n nù. Ìtàn tí a fẹ́ sọ fún yín ní àjọ̀dún yìí jẹ́ ti ìyá kan tí ó mọ iyì wọn. Orúkọ rẹ̀ ni Harriet Powers.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹwàá, ọdún 1837, ni wọ́n bí Harriet nítòsí ìlú Athens, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí. Ní ayé ìgbà náà, ẹrú kò ní ohun kan tí òfin kà sí tirẹ̀. Olówó rẹ̀ ni ó ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, òun náà ni ó sì ni àwọn ọmọ tí ó bá bí. Ní ọdún 1855, Harriet di aya Armstead Powers, wọ́n sì bí ọmọ púpọ̀. Nígbà tí òfin fòpin sí oko ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ náà ní ọdún 1865, ó ti di ẹni ọdún 28. Òun àti ọkọ rẹ̀ fi ara ṣiṣẹ́ àgbẹ̀ títí wọ́n fi ní ilẹ̀ tiwọn, éékà 4 péré.

Ní ìgbà òtútù, aṣọ ìbora kò ṣeé máà ní. Àwọn obìnrin a máa to ègé aṣọ pọ̀, wọn a tẹ́ òwú sí àárín aṣọ òkè àti aṣọ ìsàlẹ̀, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ gún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ títí yóò fi di ohun tí ó nípọn tí ó sì ń mú ara móoru. Quilt ni wọ́n ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Harriet kò fi ti òtútù nìkan ṣe. Ó gé aṣọ ní àwòrán ènìyàn, ẹranko, oòrùn àti ìràwọ̀, ó sì rán wọn mọ́ ojú aṣọ ńlá, kí wọn lè máa sọ ìtàn. Àwọn onímọ̀ ti kíyè sí i pé iṣẹ́ rẹ̀ jọ aṣọ alálẹ̀mọ́ tí àwọn aránṣọ ìlú Abomey ń ṣe fún àwọn ọba Dahomey, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1886, ó parí ọ̀kan tí ó ní ègé aṣọ 299. Àwòrán 11 ni ó wà lára rẹ̀, láti inú Bíbélì. Kéènì ń pa Ábẹ́lì arákùnrin rẹ̀. Jákọ́bù ń lá àlá. A ń ri Jésù bọmi. Júdásì wà pẹ̀lú ọgbọ̀n owó fàdákà rẹ̀. Nínú ọgbà Édẹ́nì, Ádámù àti Éfà wà láàárín àwọn ẹranko, ejò náà sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá wo ejò yìí dáadáa, ẹ ó rí i pé ó ní ẹsẹ̀! Ẹ rántí pé lẹ́yìn tí Ọlọ́run fi ejò bú ni ó tó di ẹni tí ń fi àyà wọ́.

Harriet gbé aṣọ náà lọ sí ibi ìpàtẹ òwú ní Athens ní ọdún 1886. Níbẹ̀ ni olùkọ́ kan tí í ṣe ayàwòrán, Jennie Smith, ti rí i. Ó wá ẹni tí ó ṣe é kàn, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó tà á. Harriet kọ̀ jálẹ̀. Kò sí iye owó tí ó lè mú kí ó yọ̀ǹda rẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, nǹkan le fún ìdílé Powers. Harriet wá nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà. Aṣọ náà wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi àpò ìyẹ̀fun tí ó mọ́ wé e, ó sì tún fi àpò mìíràn bò ó. Dọ́là 10 ni ó béèrè. Jennie Smith sọ pé dọ́là 5 ni agbára òun ká. Harriet jáde lọ bá ọkọ rẹ̀ gbèrò. Ọkọ rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé, nítorí bí àkókò ti le tó, kí ó gba owó náà. Bẹ́ẹ̀ ni dọ́là 5 gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò kàn gbé e sílẹ̀ kí ó sì máa lọ. Ó dúró, ó sì ṣàlàyé àwòrán kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Jennie Smith kọ àlàyé náà sílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ ìtumọ̀ wọn títí di òní. Lẹ́yìn náà, Harriet a máa padà wá wo aṣọ rẹ̀, bí ìyá tí ń bẹ ọmọ rẹ̀ wò nílé ọkọ. Ohun tí ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún díẹ̀ ni ìlérí tí Jennie Smith ṣe fún un pé òun yóò máa kó gbogbo àgékù aṣọ òun pamọ́ fún un. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ohun tí ó fẹ́ràn jù ti ń ronú èyí tí yóò tún ṣe.

Ó sì tún ṣe é. Kí ọdún 1898 tó parí, aṣọ mìíràn ti jáde, ó ní àwòrán 15. Mósè, Jónà àti Jóòbù wà lára rẹ̀. Ó tún fi àwọn ìtàn tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà kún un. Ọ̀kan ni ti òru ọdún 1833, nígbà tí ìràwọ̀ ń já bọ́ láti ojú ọ̀run tí àwọn ènìyàn rò pé ayé ti parẹ́; òun fi ọwọ́ Ọlọ́run sí ojú aṣọ náà, tí ó dá àwọn ìràwọ̀ dúró. Òmíràn ni ti ẹlẹ́dẹ̀ kan tí ń jẹ́ Betts, tí wọ́n ní ó sáré 500 máìlì láti Georgia dé Virginia.

Harriet Powers kú ní ọjọ́ kìíní ọdún 1910, wọ́n sì sin ín sí Athens. Aṣọ méjèèjì ṣì wà. Èyí tí ó tà ní dọ́là 5 wà ní ilé ìṣúra ìtàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Washington, èkejì sì wà ní Boston. Àwọn ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ohun tí ó wà lọ́wọ́ ìyá yìí kò ju abẹ́rẹ́, òwú àti ègé aṣọ lọ. Ìtàn tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ó sọ wọ́n di ohun ńlá. Àwọn ìtàn kan náà ni ẹ ń kọ́ ní Iléèwé Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ má ṣe kẹ́gàn ohun kékeré tí ó wà lọ́wọ́ yín. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ohun tí ẹ fẹ́ràn bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ṣa àgékù tí ó kù jọ, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kí Olúwa fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Àmín.