Mustafa Kemal àti Àdéhùn Tí Ó Bí Ogun

Ọdún 1881 ni a bí Mustafa Kemal ní Salonika. Ó di ọ̀gágun, ó sì wà lára àwọn tí ó dá ọ̀tá dúró ní Gallipoli ní 1915. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Tọ́kì ní 1918, àwọn aṣẹ́gun mú kí ìjọba Sultan fọwọ́ sí àdéhùn Sèvres ní 1920. Wọ́n pín ilẹ̀ náà bí ẹran iléyá, wọ́n sì gba àkóso owó rẹ̀. Kemal kọ̀ jálẹ̀. Ohun tí wọ́n pè ní àlàáfíà di ogun ọdún méjì sí i, títí ó fi lé àwọn ọmọ-ogun Gíríìkì jáde ní 1922. Ní Lausanne ní 1923, wọ́n bá Tọ́kì sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́. Àdéhùn yẹn ni ó tọ́jọ́. Kemal kú ní 1938.

Ẹ̀yin oníṣòwò, bí a bá gba ìsọ̀ mọ́ onígbèsè lọ́wọ́, kí ni yóò fi san ìyókù?