S. R. Ranganathan: Ẹni Tó Sọ Iṣẹ́ Ilé Ìkàwé Di Iṣẹ́ Ọ̀mọ̀wé

Tí wọ́n bá sọ fún yín pé ọmọ kan ládùúgbò yín ti ríṣẹ́ sí yunifásítì, inú yín á dùn. Tí wọ́n bá wá fi kún un pé ilé ìkàwé ló wà, ẹlòmíì á ní ó mà ṣe o, ìwé ló ń ṣọ́. Ká sòótọ́, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi mú ìtàn ọkùnrin ará Íńdíà yìí wá fún yín, torí òun náà ò ka iṣẹ́ ọ̀hún sí kó tó bọ́ sínú ẹ̀.

Shiyali Ramamrita Ranganathan lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1892 ni wọ́n bí i ní Shiyali, ìlú kékeré kan ní gúúsù Íńdíà, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó tún ń kólòlò. Síbẹ̀ ó kàwé gan-an, ó gboyè M.A. nínú ìmọ̀ ìṣirò ní Madras Christian College, ó sì di olùkọ́ ìṣirò. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn, owó ibẹ̀ ni kò tó nǹkan.

Ìgbà yẹn ni Yunifásítì Madras ń wá olùtọ́jú ilé ìkàwé àkọ́kọ́, tí owó oṣù ibẹ̀ sì sàn jù. Nǹkan bí 900 èèyàn ló kọ̀wé béèrè. Nínú gbogbo wọn, kò sẹ́nì kankan tó kọ́ṣẹ́ náà. Ẹ gbọ́ o, kò sẹ́nì kankan! Wọ́n ní ohun tí Ranganathan alára kà nínú Encyclopaedia Britannica ní ọjọ́ díẹ̀ kó tó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni gbogbo ìmọ̀ tó ní nípa rẹ̀. Òun ni wọ́n mú. Oṣù kìíní ọdún 1924 ló wọṣẹ́.

Kò pẹ́ rárá tó fi sú u. Kíláàsì tó kún fún akẹ́kọ̀ọ́ ló ti mọ́ ọn lára, ibi tuntun yìí wá dákẹ́ rọ́rọ́. Ó lọ bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n dá òun padà sídìí ìṣirò. Wọ́n bá a ṣàdéhùn: kó lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní Lọ́ńdọ̀nù ná, tó bá dé tí kò tíì wù ú, kó padà sí kíláàsì rẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ni ojú rẹ̀ ti là. Nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án ló lò ní University College, ó sì ń ti ilé ìkàwé kan bọ́ sí òmíì, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó rí i pé tọmọdé tàgbà ló ń jàǹfààní níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń to ìwé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ wò ó báyìí: bí ìwé kan bá sọ nípa ìtọ́jú àìsàn ọmọdé ní Íńdíà, ṣé ọ̀dọ̀ ìwé ìṣègùn la máa fi sí ni, àbí ọ̀dọ̀ ìwé ọmọdé, àbí ọ̀dọ̀ ìwé Íńdíà? Wọ́n ní ohun ìṣeré ọmọdé kan, Meccano, tó rí ní ṣọ́ọ̀bù ńlá Selfridges ló là á lọ́yẹ. Irin wẹ́wẹ́ àti nọ́ọ̀tì ni. Bó o bá ṣe tò ó ló máa di ohun tó o fẹ́. Ranganathan wá rò ó pé èèyàn lè to nọ́ńbà ìwé bẹ́ẹ̀ náà, kí apá kan sọ kókó ọ̀rọ̀, kí òmíì sọ ibi, kí òmíì sọ ìgbà. Àmì colon ló fi so wọ́n pọ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń pe ètò náà ní Colon Classification. Ọdún 1933 ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọgbọ́n ìṣirò tó fẹ́ padà lọ máa kọ́ àwọn ọmọ ló fi ṣe é. Ṣé ìwé ṣíṣọ́ nìyẹn?

Nígbà tó dé ní 1925, kò dárúkọ kíláàsì mọ́. Ogún ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní Madras. Wọ́n ní lọ́jọ́ tó fẹ́ Sarada ní 1929 pàápàá, bí ayẹyẹ ṣe parí ló gba ibi iṣẹ́ lọ. (Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má bínú sí i o.) Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn ẹlòmíì níṣẹ́ náà. Ní 1931 ló tẹ ìwé òfin márùn-ún rẹ̀ jáde. Ohun tó dúró lé lórí ni pé nítorí ẹni tó fẹ́ kàwé la ṣe ní ìwé, kì í ṣe ká tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn tó fi Madras sílẹ̀ ní 1945, ó lọ sí yunifásítì Banaras, ó sì fúnra rẹ̀ to nǹkan bí 100,000 ìwé níbẹ̀. Ó ti lé ní 50 ọdún nígbà náà. Láti ibẹ̀ ló lọ sí Delhi lọ kọ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwọn ọmọ wa gan-an nìyí. Ní 1957, UGC, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yunifásítì ní Íńdíà, gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ilé ìkàwé, wọ́n sì fi Ranganathan ṣe alága. Wọ́n dábàá pé kí olùtọ́jú ilé ìkàwé yunifásítì wà nípò kan náà pẹ̀lú olùkọ́, kí owó oṣù wọn sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ náà tó ti olùkọ́. Apá kejì yìí làwọn èèyàn kì í fẹ́ rántí. Ní Nàìjíríà tiwa lónìí, ọ̀gá ilé ìkàwé wà lára àwọn aláṣẹ àgbà yunifásítì, pẹ̀lú Registrar àti Bursar. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà ní láti ṣe ìwádìí kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n tó rí ìgbéga, bíi ti àwọn olùkọ́. Ẹ bi ọmọ yín tó wà níbẹ̀, á ṣàlàyé fún yín.

Nǹkan bí ìgbà yẹn náà ni Ranganathan kó 100,000 rupee, owó tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tọ́jú, fún Yunifásítì Madras, kí wọ́n fi dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀ nínú ìmọ̀ ilé ìkàwé. Orúkọ Sarada ló fi sọ ọ́. Ní 1965, ìjọba Íńdíà fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n àpapọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó kú ní Bangalore ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1972, lẹ́ni 80 ọdún. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ní Íńdíà máa ń ṣe àjọ̀dún tiwọn nítorí rẹ̀.