Kathleen Lonsdale àti ohun tó wà lẹ́yìn àwòrán X-ray

Bí ìtànṣán X-ray bá gba inú kírísítálì kọjá, àmì tóótòòtó lásán ló máa ń fi sílẹ̀. Kò sí ojú tó lè rí átọ́ọ̀mù níbẹ̀. Ìṣirò ló ń sọ àwọn àmì náà di àwòrán. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ìtàn Kathleen Lonsdale fún yín, ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà.

Ilẹ̀ Ireland ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1903, òun sì ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́wàá. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó gboyè ní Bedford College, London. William Bragg, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, rí i bí orí rẹ̀ ṣe pé tó, ó sì mú un wọ ikọ̀ ìwádìí rẹ̀.

Lẹ́yìn tó lọ́kọ, ó kó lọ sí Leeds. Ibẹ̀ ló ti dáhùn ìbéèrè tó ti ń da àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì láàmú tipẹ́: báwo ni òrùka bẹnsíìnì ṣe rí gan-an? Ó mú kírísítálì hexamethylbenzene, ó wọn bí ìtànṣán kọ̀ọ̀kan tó jáde ṣe lágbára tó, ó sì fọwọ́ ṣírò gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 1929, ó fi hàn pé pẹrẹsẹ ni átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tẹ́. Nígbà tó di abiyamọ, ilé ló ti ń bá ìṣirò lọ.

Ẹlẹ́sìn Quaker ni, kò sì fẹ́ràn ogun. Lọ́dún 1943, ó kọ̀ láti forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìgbà ogun, kò sì san owó ìtanràn, ni wọ́n bá fi í sẹ́wọ̀n oṣù kan ní Holloway. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, òun àti Marjory Stephenson di obìnrin àkọ́kọ́ tí Royal Society yàn. Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní University College London lọ́dún 1949, ó sì kú lọ́dún 1971.

Lónìí, a máa ń yára sọ fáìlì tó jáde láti inú ẹ̀rọ di JPEG kó lè wọ inú iṣẹ́ àṣekágbá wa. Fáìlì 16-bit lè gba ìpele ìmọ́lẹ̀ 65,536. JPEG aláwọ̀ eérú kò gbà ju 256 lọ. Àwọn àmì tó lágbára á wá jọra, èyí tí kò lágbára á sì pòórá. Bẹ́ẹ̀, agbára àmì wọ̀nyẹn gan-an ni Lonsdale fi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹ ṣe JPEG fún ẹni tó fẹ́ wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́.